Àyà Ni Mo Fi Purọ́

Ẹ̀yin tí ẹ máa ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e sílẹ̀ lágbedeméjì. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ kò dùn létí, ó sì ti yẹ kí n sọ ọ́ tipẹ́, ṣùgbọ́n n kò ní jẹ́ kó bá mi wọ sàréè. Èmi ni Ọmọ́lérè Mákánjúọlá, tí wọ́n ń pè ní Lérè. Oṣù mélòó kan sẹ́yìn, páìpù kan bẹ́ níbi iṣẹ́ mi ní Baytown, omi gbígbóná inú rẹ̀ sì bó mi láti ọrùn dé itan. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ọsibítù, dókítà pe ẹ̀gbọ́n mi Láńre sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó ní kó pe àwọn ará ilé, òun ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé ilẹ̀ á mọ́ bá mi. Ó rò pé mo ti sùn. N kò sùn. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé n kò ronú nípa ikú rárá. Orúkọ kan ṣoṣo ló wá sí mi lọ́kàn, Fàúsátù, ojú sì tì mí débi pé mo yí orí sí ògiri. Ọlọ́run dá mi sí. Láńre ní bí mo bá máa sọ ọ̀rọ̀ yìí síta, kí n ṣáà má dárúkọ òun. Mo ti dárúkọ rẹ̀ báyìí. A jọ ṣe é ni, ká jọ rù ú.

Ìbàdàn ni wọ́n bí wa sí. Mẹkáníìkì ni bàbá wa, ó sì fẹ́ kí Láńre jogún sípánà òun, ṣùgbọ́n Láńre kì í fẹ́ kí ọ̀rá ọkọ̀ kan òun léèékánná. Èmi ni mo máa ń wà lábẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú bàbá. Ìyá wa á máa pariwo pé ọkọ wo ló máa fẹ́ obìnrin tó ń rùn bẹntiróòlù, bàbá á ní ọkọ tí mọ́tò rẹ̀ bá bàjẹ́ ni. Nígbà tí bàbá kú, Láńre ti wà ní Houston, ó ń ṣe iṣẹ́ ṣíìfù tọ̀sán-tòru ní ọ̀kan nínú àwọn iléeṣẹ́ tó wà ní Pasadena. Ó ránṣẹ́ pè mí ní ọdún 1984, nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ilé-ìwé girama. Ilé-ìwé tí mo lọ kì í gbà kí ọmọbìnrin dirun, gígé mọ́lẹ̀ ni wọ́n ń gé e fún wa, bí orí mi sì ṣe rí nìyẹn nígbà tí mo sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Mo ga, mo sì tín-ín-rín. Òyìnbó tó jókòó tì mí ń pè mí ní “young man” láti òkè wá, n kò sì tètè mọ̀ pé èmi ló ń bá wí.

Ọkọ̀ Láńre kì í pẹ́ bàjẹ́. Ọ̀dọ̀ Àlàájì Nùrúdíìnì ló máa ń gbé e lọ, ọmọ Ìbàdàn bíi tiwa, tó ní ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì lẹ́bàá òpópónà márosẹ̀ tí wọ́n ń pè ní freeway ní Pasadena, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ṣíìfù ti ń tún ọkọ̀ wọn ṣe. Lọ́jọ́ kan Àlàájì ń ráhùn lórí fóònù pé òun ò rí ọmọ gidi tó lè ran òun lọ́wọ́. Láńre ní, “Àlàájì, àbúrò mi kan ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ilé dé. Lérè lorúkọ rẹ̀. Ọwọ́ bàbá wa ló ti kọ́ iṣẹ́ mọ́tò, ó sì mọ̀ ọ́n dáadáa.” Àlàájì ní kó máa bọ̀ lọ́jọ́ kejì. Ẹ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Irọ́ wo ló wà níbẹ̀? Ká ní èdè Òyìnbó ni wọ́n ń sọ ni, ì bá di dandan kí Láńre yan “he” tàbí “she”, ibẹ̀ ni ì bá sì parí sí. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni wọ́n ń sọ. “Ó” ni ọkùnrin, “ó” náà ni obìnrin. Àbúrò kò ní akọ, kò ní abo. Lérè ń bẹ lọ́kùnrin, ó ń bẹ lóbìnrin. Àlàájì gbọ́ iṣẹ́ mọ́tò, ó sì ti òkèèrè wọ ṣòkòtò fún mi. Ó tún béèrè pé ṣé Lérè yìí lágbára, Láńre ní ó lágbára. Òtítọ́ ni, mo lágbára.

Ọjọ́ Sátidé tó ṣáájú ìyẹn ni mo wo eré aláwàdà kan lórí tẹlifíṣọ̀n, eré àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ Jámánì, tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì sí ìsàlẹ̀ àwòrán. Ọmọbìnrin kan wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, ó gba ilé-ìwé àwọn ọkùnrin lọ, gbogbo ohun tó yẹ kó tú àṣírí rẹ̀ ló sì ń di ẹ̀rín. Níparí rẹ̀, fìlà já bọ́ lórí rẹ̀, irun rẹ̀ tú sílẹ̀, gbogbo ilé-ìwé bú sẹ́rìn-ín, ọ̀gá wọn náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ikùn mú. Òun ló wà lọ́kàn mi nígbà tí Láńre gbé fóònù sílẹ̀ tó ní Àlàájì rò pé ọkùnrin ni mí. A rẹ́rìn-ín títí a fi jókòó sílẹ̀. Ó ní ká lọ bẹ́ẹ̀. Tí Àlàájì bá ti rí iṣẹ́ ọwọ́ mi, tó bá ti yìn mí, n ó ṣí fìlà, gbogbo wa á sì jọ rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe gbèrò rẹ̀ nìyẹn.

Nígbà tí a dé ṣọ́ọ̀bù, mo wọ aṣọ iṣẹ́ Láńre, mo fi aṣọ wé àyà mi pinpin, mo dé fìlà rẹ̀ bo iwájú. Bí Àlàájì ṣe jáde sí wa, orúnkún mi ti ń lọ sílẹ̀, nítorí bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn. Bí mo bá rí àgbàlagbà, ẹsẹ̀ mi kì í dúró gba àṣẹ lọ́wọ́ mi. Láńre wúkọ́. Mo rántí, mo na ara mi gbalaja, mo fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì lé ilẹ̀ tí ọ̀rá ọkọ̀ ti ta sí. Inú Àlàájì dùn. Ó ní àwọn tí wọ́n bí síbí, “Hi” ni wọ́n fi ń kí òun, ẹ wá wo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Láti ọjọ́ náà, kò sí ìgbà kankan tí ó bi mí bóyá ọkùnrin ni mí. Ta ló máa bi èèyàn ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀, nígbà tó ti dọ̀bálẹ̀ kí i?

Iṣẹ́ náà dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ. Àlàájì mọ ẹ́ńjìnnì, ó sì fẹ́ràn ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n. Kò pẹ́ tó fi ń sọ pé òun mọ fóómàànù kan ní Baytown tó máa ń gba ọ̀dọ́ síṣẹ́, tó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń tún ẹ̀rọ ńláńlá iléeṣẹ́ epo ṣe, àti pé tí mo bá mú ọwọ́ le, òun á mú mi lọ bá a. Ọjọ́ tó sọ ìyẹn, n kò lè jẹun. Ẹ̀rọ tó ga ju ilé lọ ni mo ń rí lójú àlá. Fìlà tí mo fẹ́ ṣí wá di ohun tí mo ń sún síwájú. Mo ní tó bá di oṣù tó ń bọ̀. Nígbà tó di oṣù tó ń bọ̀, mo ní ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ dé Baytown.

Àlàájì ní ọmọbìnrin kan ṣoṣo, òun ni Fàúsátù. Ẹgbẹ́ ni wá. Tó bá ti ilé-ìwé dé, á jókòó sí ọ́fíìsì kékeré inú ṣọ́ọ̀bù, á máa gba fóònù àwọn oníbàárà. Wọ́n ti gbà á sí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, kò sì tíì tó àkókò tí wọ́n máa wọlé tí ó ti ra bàtà funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń wọ̀. Á wọ̀ ọ́ sẹ́sẹ̀, á máa rìn yípo tábìlì kí ó lè rọ̀ kó tó dọjọ́ náà. Mùsílíù, tó jẹ́ àgbà nínú àwa òṣìṣẹ́, kì í gbójú kúrò lára rẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé ó ń dúró de ìgbà tí Àlàájì máa fún òun láyè láti sọ̀rọ̀. Fàúsátù kò fẹ́ ẹ. Kò fẹ́ ẹnikẹ́ni nígbà náà, bàtà yẹn ló ń fẹ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣí ìdérí rédíétọ̀ ọkọ̀ kan nígbà tí kò tíì tutù. Omi gbígbóná bú sí mi láyà. Fàúsátù ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi. Ó wọ́ mi lọ sí yàrá tí a ń kó táyà sí, ó da omi tútù lé mi, kí n tó lè sọ pé rárá, ó ti fa aṣọ iṣẹ́ mi wálẹ̀. Ó rí aṣọ tí mo fi wé àyà. Ó rí ohun tí aṣọ náà kò bò tán. Ó wò mí lójú. “Oh my God,” ló sọ, jẹ́jẹ́. “Lérè, girl ni ọ́?” Mo bẹ̀rẹ̀ sí bẹ̀ ẹ́. Mo sọ ti Baytown fún un, mo ní bí bàbá rẹ̀ bá gbọ́ pé mo tan òun, ó parí nìyẹn. Ẹ̀rín ni ó ń rín, ó ń rẹ́rìn-ín tí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òun ti ń rò ó pé kí ló dé tí Lérè kì í wo òun bí àwọn ọkùnrin yòókù. Nígbà tí ẹ̀rín tán, ó na ìka sókè. Ó ní, “Mo búra, n kò ní sọ. Kì í ṣe èmi ló máa sọ ọ́, ìwọ fúnra rẹ lo máa sọ ọ́, ọjọ́ tó bá wù ọ́.” Ẹ jẹ́ kí n tẹnu mọ́ ọn pé ó búra, nítorí ìbúra yẹn ló bá a jà, èmi ni mo sì mú kó búra.

Bí a ṣe di ọ̀rẹ́ nìyẹn. N kò ní ọ̀rẹ́ obìnrin kankan ní Amẹ́ríkà, òun náà sì ní àwọn tí wọ́n jọ ń lọ sílé-ìwé kò mọ ohun tí òun ń bá yí nílé. Mo sọ ti eré Jámánì yẹn fún un, ó sì ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀gá ilé-ìwé, ó ní ọjọ́ tí mo bá ṣí fìlà, òun ló máa kọ́kọ́ di ikùn mú. Bí bàbá rẹ̀ bá ń kírun Àsárì, a máa wọ yàrá táyà, á bá mi tú aṣọ àyà mi kí ọgbẹ́ náà lè rí atẹ́gùn, á fi òróró pa á, á tún bá mi wé e. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló fi ń ṣe é, ó ń kọ́ iṣẹ́ lára mi ni. A máa ń ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá wà níta, kí ló máa rò? Ohun tí Mùsílíù rò náà ni. Lọ́jọ́ tí a gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn, ó ṣí i. Ẹ̀yìn mi ló kọjú sí i, aṣọ mi wà ní ìbàdí, ọwọ́ Fàúsátù méjèèjì sì yí mi ká. Kò pariwo. Ó rọra pa ilẹ̀kùn náà dé. Ká ní ó pariwo ni, bóyá ẹ̀rù ì bá mú mi sọ òtítọ́ lójú ẹsẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì lèyí ṣẹlẹ̀. Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni Àlàájì ti bá fóómàànù Baytown dá fún mi. Mùsílíù lọ sọ ohun tó rí fún un, Àlàájì wá ránṣẹ́ sí Láńre pé kó mú mi wá sí apartment òun ní Greenspoint ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. A ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ tààrà, mo bọ́ búláòsì mi nínú ọkọ̀, mo wọ aṣọ Láńre, mo dé fìlà. Lórí freeway, mo sọ fún Láńre pé mo fẹ́ sọ ọ́. Ó pa rédíò. Ó ní, “Ọjọ́ kan ló kù, Lérè. Kí ni wọ́n máa fi Fàúsátù ṣe? Wọ́n á bá a wí, wọ́n á fà á létí, ó parí. Bàbá rẹ̀ ni, kò ní pa á. Ìwọ, tí o bá pàdánù Baytown, o ti pàdánù rẹ̀ nìyẹn.” Mo gbà fún un. N kò ní purọ́ fún yín, kì í ṣe òun ló yí mi lọ́kàn padà. Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ ló sọ.

Àlàájì jókòó, àgbààgbà méjì láti mọ́ṣáláṣí wọn jókòó tì í. Ìyá Fàúsátù, Làdíátù, wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ojú rẹ̀ ti wú. Mùsílíù dúró ti ògiri. Fàúsátù wà lórí ìkúnlẹ̀ láàárín kápẹ́ẹ̀tì, ó bo orí rẹ̀. Wọ́n ní kí Mùsílíù sọ ohun tó rí, ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí i, kò fi kún un. Ìyá Fàúsátù ń sunkún, ó ń bi ọmọ rẹ̀ pé ṣé ohun tí àwọn torí ẹ̀ mú un wá sí Amẹ́ríkà nìyí, pé ọmọ onígbàgbọ́, nínú ilé táyà. Ọ̀kan nínú àwọn àgbààgbà ní nǹkan báyìí, wọ́n máa ń tètè gbé ọmọ lọ sílé kó tó di oyún. Ìgbà náà ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé. Àlàájì wá bi ọmọ rẹ̀ pé òótọ́ ni àbí irọ́.

“Daddy, I swear, kò sí nǹkan kan láàárín wa,” Fàúsátù sọ. “Ẹ bi Lérè. Lérè á sọ fún yín.”

Ó gbójú sókè wò mí. Ẹ̀rù kò bà á, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó gbà pé ọjọ́ náà ti pé, ọjọ́ tí mo máa ṣí fìlà. Ó wá ṣe ohun kan tí n kò lè gbàgbé títí mo fi máa kú: ó fi orúnkún sún sí ẹ̀gbẹ́ kan lórí kápẹ́ẹ̀tì, ó fi àyè sílẹ̀ fún mi kí n lè kúnlẹ̀ tì í.

Àlàájì kò bínú sọ̀rọ̀. Ó ní, “Lérè, mo mú ọ bí ọmọ. Bí ọwọ́ rẹ bá mọ́, dúró níbẹ̀ kí o sọ fún mi, n ó gbọ́. Bí ọwọ́ rẹ kò bá mọ́, o mọ bí ọmọkùnrin ṣe ń bẹ àgbà.”

Kò sí ọ̀rọ̀ tí mo nílò láti sọ. Bí orúnkún mi méjèèjì bá kan ilẹ̀ nínú àyè yẹn, kò sí Yorùbá kankan nínú yàrá náà tí kò ní yé. Mùsílíù pàápàá á mọ ohun tó rí. Orúnkún mi kan tilẹ̀ ti ń tẹ̀. Mo wo Láńre, ó ń wo ilẹ̀. Mo ronú kan ẹ̀rọ tó ga ju ilé lọ. Mo na ara mi gbalaja, mo fi àyà lélẹ̀ níwájú Àlàájì, mo dọ̀bálẹ̀ tí iwájú orí mi fi kan kápẹ́ẹ̀tì. Fìlà mi já bọ́, ó yí lọ sí ẹsẹ̀ Mùsílíù. Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín. Irun gígé mọ́lẹ̀ ni wọ́n rí, irun ọmọkùnrin.

Ìyá Fàúsátù ká ọwọ́ lórí. Mo gbọ́ tí Fàúsátù pe orúkọ mi lẹ́ẹ̀kan, jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń jí èèyàn lójú oorun. Mo dúró kó sọ ọ́. Ohun tó kù kò ju kó ní kí ìyá òun wò mí wò. Kò sọ ọ́. Ó ní, “Ó dáa.” Àlàájì ní kí n dìde. Ó ní ọmọkùnrin ni mí, mo ti jẹ́wọ́, ó tó, kí n má dé ṣọ́ọ̀bù òun mọ́, ṣùgbọ́n òun kì í kó ọ̀rọ̀ òun jẹ, kí n lọ sí Baytown lọ́la kí ojú wa lè jìnnà síra. Ó wá yíjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìbàdàn ń béèrè rẹ̀, kí ó lọ máa di ẹrù. Bí wọ́n ṣe dá ẹjọ́ náà nìyẹn: ẹni tó ṣẹ̀ gba iṣẹ́, ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀ gba ẹrù dídì.

Ẹ má rò pé ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló burú jù nínú ohun tí mo ṣe. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Ní ọjọ́ Ajé, mo dé ọ̀dọ̀ fóómàànù náà. Ó gba páṣípọ́ọ̀tù mi, ó wò ó, ó wò mí, ó tún un wò. Mo ti múra láti sáré jáde. Ó bú sẹ́rìn-ín. Ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan láti yàrá kejì pé kó wá wo ohun tí ọ̀rẹ́ òun tó jẹ́ mẹkáníìkì, tó ń sọ “he” ṣáá, kò sọ fún òun, pé àwọn ọ̀gá ti ń da òun láàmú láti ìgbà pípẹ́ pé kó wá obìnrin síṣẹ́, òun ò sì rí èyí tó mọ sípánà yàtọ̀ sí ṣíbí. Àwọn méjèèjì ń rẹ́rìn-ín, ọ̀kan di ikùn mú. Èmi náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Mo rìn padà síbi ọkọ̀ Láńre, mo dì mọ́ ilẹ̀kùn rẹ̀. Ohun tí mo tìtorí rẹ̀ ta ọ̀rẹ́ mi, wọn ò bá mi dù ú rárá. Bí mo ṣe jẹ́ obìnrin gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ mi.

Fàúsátù ṣì wà ní Houston nígbà náà. Títí ọ̀sẹ̀ náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, ó wà ní Greenspoint, ó ń di ẹrù. Mo ti níṣẹ́, kò sí ohun tí mo máa pàdánù mọ́, bí kò ṣe ojú mi lásán. N kò lọ. Mo gbé fóònù, mo gbé e sílẹ̀. Láńre ní bí mo bá lọ sọ ọ́ báyìí, wọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n kò sọ ọ́ lọ́jọ́ Àìkú, kí ni mo máa wí? Wọ́n gbé Fàúsátù lọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ pé wọ́n ti fi í fún oníṣòwò aṣọ kan ní Ìbàdàn, ìyàwó kẹta. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn obìnrin máa ń fi í ṣe àpẹẹrẹ fún àwọn ọmọ wọn, ọmọ Àlàájì tí ọmọkùnrin kan bà jẹ́ ní Pasadena, wọn ò mọ̀ pé ọmọkùnrin náà ló wọ búláòsì jókòó láàárín wọn. Houston gbòòrò, Baytown jìnnà sí Greenspoint, èèyàn lè sá pamọ́ fún ọmọ ìlú rẹ̀ níbẹ̀ títí ayé. Mo ń bá wọn ṣe “Olúwa má jẹ̀ẹ́”. Ẹ gbọ́ mi, mo ń ṣe àmín.

Omi gbígbóná ló tú àṣírí mi nígbà kìíní, òun náà ló tú u lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tí mo kúrò ní ọsibítù, mo tẹ Mùsílíù láago, nítorí òun ló ń mójú tó ṣọ́ọ̀bù báyìí, mo ní mo fẹ́ nọ́ńbà Fàúsátù. Ohùn obìnrin ló gbọ́, ó fún mi láìbéèrè nǹkan kan. Ìlà náà kò já gaara, bí mo bá sọ̀rọ̀ ohùn mi á tún padà bá mi létí. Mo ní, “Fàúsátù, Lérè ni o.” Ó wá ní, “Lérè wo? Lérè ọkùnrin ni, àbí Lérè obìnrin?”

Mo sunkún lójú fóònù. Mo ní Lérè obìnrin ni. Ó ní kò sí ìjà láàárín òun àti Lérè obìnrin, ọ̀rẹ́ òun ni, ọwọ́ òun ló wé ọgbẹ́ rẹ̀. Ó bi mí bóyá ọgbẹ́ náà san. Ó ní òun ti bí ọmọ méjì, obìnrin ni wọ́n, àwọn ará àdúgbò sì ń pe òun ní nọ́ọ̀sì nítorí pé òun ló ń bá wọn wẹ egbò àwọn ọmọ wọn, bẹ́ẹ̀ òun ò kàwé nọ́ọ̀sì kankan. Kò fi gún mi lára, bó ṣe ń sọ ọ́ nìyẹn. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí tọrọ àforíjì, ó dá mi dúró. Ó ní, “Lérè ọkùnrin ni bàbá mi mọ̀. Lọ fi ọ̀rẹ́ mi hàn án.”

Mo lọ sí Greenspoint. Àtọ̀gbẹ ti gba ojú Àlàájì, kò ríran mọ́, orí àga kan náà yẹn ló ń jókòó sí. Ìyá Fàúsátù ṣílẹ̀kùn fún mi, kò dá mi mọ̀ nínú ìró àti gèlè. Mo rìn dé àárín kápẹ́ẹ̀tì, mo kúnlẹ̀. Awọ itan mi ṣì jẹ́ tuntun, ó fà, ó sì dùn mí wọ egungun.

Àlàájì gbọ́ bí orúnkún mi ṣe kanlẹ̀. Ó ní, “Ta ló kúnlẹ̀ yẹn?”

“Lérè ni, Àlàájì. Àbúrò Láńre.”

“Lérè kì í kúnlẹ̀. Ọkùnrin ni Lérè.”

Ó yíjú síbi tí ìyàwó rẹ̀ wà, ó bi í pé kí ló rí. Ìyá Fàúsátù ti sún mọ́ mi, ó ń wo ojú mi. Ó ní, “Lérè náà ni. Obìnrin ni, Àlàájì. Obìnrin ni láti ìbẹ̀rẹ̀.” Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀, láti orí fóònù Láńre títí dé ẹ̀rín fóómàànù. Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ tán, Àlàájì béèrè pé kí ló dé tí Fàúsátù kò sọ fún òun. Mo ní ó ti búra fún mi, ṣùgbọ́n ó sọ fún yín, Àlàájì, ó ní kí ẹ bi mí.

“Mo bi ọ́,” ni Àlàájì wí. “Ọmọ yìí, mo bi ọ́.”

Kò bú mi, kò sì ní òun dárí jì mí. Ó ní gbangba ni wọ́n ti ba orúkọ ọmọ òun jẹ́, gbangba ni kí n ti bá òun tún un ṣe, kí n kọ ọ́ sílẹ̀ lédè tí gbogbo àwọn tó gbọ́ ọ lè kà. Ó wá ní kí ìyàwó òun tẹ Ìbàdàn láago, òun náà ní ẹ̀bẹ̀ tí òun fẹ́ bẹ̀. Mo jáde kí wọ́n tó gbé e. Kò yẹ kí n gbọ́ ọ.

Mo ti kọ ọ́ báyìí. Fàúsátù, ọmọ Àlàájì Nùrúdíìnì, kò bá ọkùnrin kankan ṣe ìṣekúṣe ní Pasadena. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ obìnrin ló ń tọ́jú. Ẹ̀yin obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ẹ lọ sọ èyí fún àwọn ọmọ tí ẹ sọ tọ̀hún fún. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ eré, ẹ ṣí fìlà yín nígbà tí ẹ̀rín ṣì wà nílẹ̀. Tí ẹ bá jẹ́ kó pẹ́, orí ẹlòmíràn ni wọ́n máa ṣí i sí. Fàúsátù, mo rántí àyè tí o fi sílẹ̀ fún mi lórí kápẹ́ẹ̀tì bàbá rẹ. Mo pẹ́ kí n tó dé ibẹ̀. Mo ti dé, orúnkún mi méjèèjì ló wà nílẹ̀.